Ọwọ́ Tí A Fi Ń Júwe Ilé Baba Wa

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí a tọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ṣùgbọ́n mo ti ṣe àkíyèsí pé ìlò tí a ń lò ó lóde òní ti ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Ohun tí òwe náà kọ̀ fún wa ni kí ọmọ fi ojú yẹpẹrẹ wo orírun rẹ̀. Kò ní kí ọmọ júwe ilé tí kò sí níbẹ̀ fún àlejò. Kò sì ní pé bí òrùlé ilé náà bá ń jò, kí ọmọ búra pé òjò kì í rọ̀ ládùúgbò àwọn. Ọwọ́ ọ̀tún tí a fi ń júwe ilé gbọdọ̀ jẹ́ ọwọ́ òtítọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àlejò yóò ṣìnà, ọmọ onílé pàápàá yóò sì gbàgbé ẹnu ọ̀nà. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn àárín ìlú àtijọ́ tó wà ní Àgbádárìgì, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ wò lọ́dọọdún, tí wọ́n sì ń padà wá ròyìn rẹ̀ fún wa.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni ti lámèyítọ́ nínú ọ̀rọ̀ adúgbò. Ìwé ni lámèyítọ́ ń kà, eré orí ìtàgé ni ó ń wò. Kí ni ó pa á pọ̀ mọ́ ògiri alámọ̀ àti páànù tó ti dípẹtà? Ìdáhùn mi ni pé adúgbò tí a bá ti ri pátákó mọ́, tí a yan afinimọ̀nà fún, tí a sì ń gba owó ìwọlé níbẹ̀, ti kúrò ní adúgbò lásán. Ó ti di ìtàn tí ẹnìkan ń sọ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó ń sọ ìtàn a máa yan èyí tí yóò sọ, a máa fo èyí tí yóò fò, a sì máa bu iyọ̀ sí ibi tí kò bá dùn tó. Bí a bá lè bi òǹkọ̀wé léèrè ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tó ní kí a má bi ìlú léèrè.

Àgbádárìgì kì í ṣe ìlú ńlá. Ìwọ̀-oòrùn Èkó ló wà, létí ọ̀sà, kò sì jìnnà sí ẹnubodè tó wà ní Sẹ̀mẹ̀. Àwọn Ògù, tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn, ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn Àwórì àti Yorùbá mìíràn sì ń bá wọn gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Àdúgbò mẹ́jọ ni ìlú náà pín sí láyé àtijọ́, olúkúlùkù ní olóyè tirẹ̀, Akran sì ni ọba. Ẹni tó bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lè fi ẹsẹ̀ rin àárín ìlú àtijọ́ náà já láàárín ìdajì ọjọ́. Yóò rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ létí ọ̀sà, yóò rí ọjà ẹrú Vlekete, ilé ìdílé Mobee, agbo ilé Seriki Williams Abass, àti ibi tí igi Agia wà tẹ́lẹ̀ kí ó tó wó ní 1959. Lẹ́yìn náà yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Gbẹrẹfu, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú sọdá sínú ọkọ̀ òkun. Gbogbo rẹ̀ kò ju ohun tí ọmọdé lè rìn láìkáàárẹ̀ lọ, síbẹ̀ ohun tó wà níbẹ̀ wúwo ju ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní lọ.

Ọdún kan ni mo kọ́kọ́ fẹ́ bá jà. Wọ́n máa ń sọ fún àlejò pé 1502 ni wọ́n dá ọjà Vlekete sílẹ̀. Ọdún náà dùn-ún gbọ́, ó sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè bá a jiyàn lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ìtàn tó ti tú ìwé àwọn oníṣòwò ayé ìgbà náà wò fi hàn wá pé ọ̀rúndún kejìdínlógún ni Àgbádárìgì di èbúté òwò ẹrú. Ní 1727, Àgájá ọba Dàhòmì ṣẹ́gun Ouidah. Àwọn tí ogun náà lé kúrò nílé sá gba apá ìlà-oòrùn wá, wọ́n tẹ̀dó sí etí ọ̀sà yìí láàárín àwọn ẹlẹ́ja àti àwọn tó ń se iyọ̀, láti bí 1730 sí 1740 ni ìlú náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbilẹ̀. Ogun Dàhòmì tún lé wọn bá níbẹ̀, ó fọ́ ìlú náà ní 1784.

Kí ló dé tí mo fi ń bá ọdún jà bí ẹni tí kò níṣẹ́? Ẹ wo ohun tí 1502 bò mọ́lẹ̀. Bí ọjà bá ti wà láti 1502, a jẹ́ pé Potogí ló gbé e dé, gbogbo ẹ̀bi náà sì bá ọkọ̀ òkun wá. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé àwọn tó ń sá fún akónilẹ́rú ló tẹ ìlú dó, tí àwọn kan nínú ọmọ wọn sì wá di ẹni tó ń ta ẹlòmíràn, ìtàn náà di tiwa. Ẹni tí ogun lé ló wá ń dúró de ẹni tí ogun lé. Ìbànújẹ́ tó wà nínú èyí ju ti ọdún tó jìnnà lọ, ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí gan-an ni pátákó fò dá. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ní ọjà Vlekete, òwe yìí ti kúrò ní àfiwé lásán.

Ẹ jẹ́ kí a kọjá sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, nítorí òun ni gbogbo àlejò ń béèrè. Àwọn ajíhìnrere C.M.S. ló kọ́ ọ, 1845 sì ni ọdún tí a mọ̀ mọ́ ọn, nígbà tí Gollmer, ọmọ Jámánì, ń darí iṣẹ́ wọn níbẹ̀. Ilé náà kò tóbi. Àjà rẹ̀ àti fèrèsé onípákó rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà, atẹ́gùn sì ń gba inú rẹ̀ kọjá dáadáa. Mo fẹ́ràn ilé náà. Ó ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé tí à ń kọ́ lónìí kò ní. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ nínú rẹ̀ kò ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kankan. Wọ́n á fi yàrá Àjàyí Crowther han àlejò, wọ́n á sì ní ibẹ̀ ló ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá.

Crowther dé Àgbádárìgì ní oṣù kìíní ọdún 1845. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹjọ ọdún 1846, ó ti wà ní Abẹ́òkúta, níbi tó ti fojú kan ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n tí a ti kó o lẹ́rú. Ìtumọ̀ Bíbélì ń jáde ní ìwé kọ̀ọ̀kan láti 1850 wá. Bíbélì Yorùbá lódindi kò jáde títí di 1884, ọwọ́ tó sì bá a ṣiṣẹ́ ju ti Crowther nìkan lọ. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ fi bí ogójì ọdún ṣe ni wọ́n dì sínú yàrá kan, láàárín nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Àlejò yóò ya fọ́tò yàrá náà, yóò sì máa lọ pẹ̀lú ìdùnnú. Kò sí ẹni tó ṣèèṣì pa lára, àbí?

Ó pa ìtàn lára. Ohun tó yẹ kí ó mú àlejò dúró nínú ilé yẹn ga ju Bíbélì tí a kò parí níbẹ̀ lọ. Ọkùnrin tó gbé yàrá náà jẹ́ ọmọ Òṣogùn, tí àwọn jagunjagun kó lẹ́rú ní 1821 nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí wọ́n fi tì í sínú ọkọ̀ Potogí ní Èkó ní 1822, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun. Nígbà tó ń gbé ní Àgbádárìgì, òwò ẹrú kò tíì kú ní etí òkun yìí. Ọdún 1852 ni àwọn olóyè Àgbádárìgì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn yóò fi í sílẹ̀. Nítorí náà, àlùfáà tí a ti tà rí ń gbàdúrà ní òwúrọ̀ ní ìlú tí àwọn tó ń ta ènìyàn ṣì wà. Ilé ìwàásù àti ilé ẹrú wà lórí ilẹ̀ kan náà, ní àkókò kan náà, wọ́n sì lè kí ara wọn lójú pópó. Ẹni tó bá gbọ́ èyí nínú yàrá kékeré yẹn kò ní í nílò àbùmọ́.

Àìsàn tó ń ṣe ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yìí kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Orúkọ tí mo lè fún un ni àìsàn "àkọ́kọ́." Ìwàásù àkọ́kọ́ lábẹ́ igi Agia ní 1842, nígbà tí Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àti Townsend ti C.M.S. dé, ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní 1843, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní 1845. Mi ò ní kí ìlú má yangàn. Ìyangàn ìlú kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n "àkọ́kọ́" kì í dáhùn ìbéèrè, ńṣe ló ń pa á lẹ́nu mọ́. Bí a bá ti sọ pé ilé yìí ni àkọ́kọ́, ta ni yóò tún béèrè ẹni tó la pákó rẹ̀, ẹni tó gbé e gun òkè, àti ohun tí wọ́n san fún un? Orúkọ míṣọ́nnárì wà lára pátákó. Orúkọ àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kò sí níbẹ̀. Nínú ìtàn tí "àkọ́kọ́" bá ti jẹ́ ọba, Òyìnbó ló ń dé, àwa ló ń dúró dè é.

Nígbà tí a bá kúrò létí ọ̀sà tí a wọ ilé ìdílé Mobee, ohùn ìtàn náà yí padà, inú mi sì dùn láti yin ohun tó tọ́ sí ìyìn. Ìdílé olóyè ni wọ́n. Baba ńlá wọn ṣòwò ẹrú, wọn kò sì sọ pé kò ṣe é. Wọ́n sọ pé orúkọ ìdílé náà wá láti inú èdè Ògù, láti ẹnu baba ńlá wọn tó máa ń fi obì lọ àlejò. Nínú ilé náà ni wọ́n tọ́jú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọrùn sí, àti ti ọwọ́, àti ti ẹsẹ̀, pẹ̀lú irin tí wọ́n fi ń ti ènìyàn lẹ́nu. Wọ́n a máa gbé e lé àlejò lọ́wọ́ kí ó mọ bó ti wúwo tó. Obì àti ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nínú ilé kan ṣoṣo: bí mo bá rí i nínú ìwé ìtàn àròsọ, n óò ní òǹkọ̀wé náà mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ó rọrùn fún ọmọ ilé náà láti da irin wọ̀nyẹn sínú ọ̀sà kí wọ́n sì sinmi lọ́wọ́ ìtìjú. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni ọwọ́ tí wọ́n fi júwe ilé baba wọn.

Ti agbo ilé Seriki Abass tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ Ìjọ̀gá-Orílé ni Fárẹ̀mí jẹ́, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Yewa lónìí. Ní kékeré ni àwọn Dàhòmì kó o, wọ́n tà á, ó sì dé Bùràsíìlì. Ó kọ́ èdè àwọn Òyìnbó níbẹ̀. Nígbà tó padà dé, ẹrú náà ló fi ṣòwò. Ogójì yàrá ni ìtàn ilé náà kà sí agbo ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí. Nígbà tó yá ó di olóyè pàtàkì láàárín àwọn Mùsùlùmí, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà sì fi í ṣe olórí. Ó kú ní 1919, inú agbo ilé rẹ̀ ni ibojì rẹ̀ sì wà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún àwọn gbólóhùn wọ̀nyí kà. Kò sí òǹkọ̀wé eré oníṣe tó lè gbé ẹ̀dá tó díjú jù báyìí lọ síwájú wa.

Síbẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà sọ ọ́ fún àlejò kì í jẹ́ kí ó díjú. Apá kan a máa sọ ọ́ bí oríkì: ọmọ tálákà tó di olówó, ọlọ́pọ̀ aya, ọ̀rẹ́ Òyìnbó. Apá kejì a máa sọ ọ́ bí ẹjọ́: ọ̀dàlẹ̀ tó ta ará ilé rẹ̀. Oríkì kò gba ẹjọ́ láàyè, ẹjọ́ kò sì gba oríkì láàyè. Bí a bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ta ni òkò ọkùnrin yìí bà nígbà tó ń rà tó ń tà? Ǹjẹ́ ẹnìkan láti Ìjọ̀gá gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá pẹ̀lú okùn lọ́rùn? Mi ò retí pé kí afinimọ̀nà dáhùn. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí ó gbé ìbéèrè náà kalẹ̀, kí ó dákẹ́ díẹ̀, kí àlejò lè fún ara rẹ̀ ní èsì. Ìdákẹ́jẹ́ wà lára iṣẹ́ asọ̀tàn.

Kò sí ìdákẹ́jẹ́ rárá ní Gbẹrẹfu. Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbé àlejò sọdá ọ̀sà, wọn yóò rin ọ̀nà oníyanrìn láàárín igi àgbọn títí dé etí òkun. Lójú ọ̀nà yìí ni kànga kan wà. Wọ́n ní wọ́n ń fún ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé, kí ọkàn wọn sì rọ̀. Mo mọ bí ìtàn yìí ti ń mú omi jáde lójú ènìyàn, mi ò sì ní í bá ẹnikẹ́ni jiyàn nípa ohun tí wọ́n fún ẹlẹ́wọ̀n mu. Ìparí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fà yọ níbẹ̀ ni mo kọ̀, pé omi náà ṣiṣẹ́, pé wọ́n gbàgbé.

Wọn kò gbàgbé. Ní Bahia ní Bùràsíìlì, wọ́n ń pe Ṣàngó, Ọ̀ṣun àti Yemọja lórúkọ títí di òní, nínú orin tí ọ̀rọ̀ Yorùbá kún inú rẹ̀. Ní Kúbà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Lukumí ń da owó ẹyọ, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa Ifá, wọ́n sì ń lu bàtá. Ní Bahia kan náà, àwọn tí wọ́n ń pè ní Jeje gbé vodun àwọn ará ilẹ̀ Fọ̀n àti àwọn aládùúgbò wọn dání. Bí kànga bá lè mú ènìyàn gbàgbé, ta ló kọ́ àwọn wọ̀nyí? Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ fún ọmọ Bùràsíìlì tó wá ṣàbẹ̀wò pé àwọn baba rẹ̀ mu omi ìgbàgbé, ńṣe ni à ń bá olówò ẹrú polówó ọjà. Ohun tí olówò náà fẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ ni à ń ròyìn bí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Ẹni tó pa òwe yìí mọ ẹrú ju ẹni tó ń sọ ìtàn kànga lọ.

Mo ti sọ̀rọ̀ nípa ẹnu. Ó tó kí n sọ̀rọ̀ nípa ògiri. Ọ̀pọ̀ nínú ilé tó wà láàárín ìlú àtijọ́ yìí kì í ṣe ti ìjọba. Ìdílé ló ni wọ́n, ìdílé náà ṣì ń gbé inú wọn, wọ́n ń dáná níbẹ̀, wọ́n ń sá aṣọ níbẹ̀. Nígbà tí ògiri alámọ̀ bá ya, sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́, nítorí òun ló wà lọ́jà. Sìmẹ́ńtì kì í jẹ́ kí amọ̀ mí. Omi á há sínú, ògiri á wú, yóò sì re lulẹ̀ lẹ́yìn òjò díẹ̀. Atẹ́gùn oníyọ̀ láti òkun ń jẹ páànù. A kò gbọdọ̀ bá onílé wí fún èyí. Ẹni tó ní ogún àìpín pẹ̀lú ogójì mọ̀lẹ́bí, tí kò sì sí ẹni tó fún un lówó àtúnṣe, ti ṣe ju agbára rẹ̀ lọ bí ilé náà bá ṣì dúró.

Òfin wà. Láti 1953 ni ìjọba ti ní òfin lórí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, òfin 77 ti 1979 sì dá àjọ tó ń mójú tó ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí ní gbogbo orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kì í gbé òrùlé ró. Ní Èkó, nítòsí gbàgede Tinúbú, ilé kan wà tí àwọn Àgùdà kọ́ ní 1855, tí a mọ̀ sí Ìlọ́jọ̀ Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó o palẹ̀. Ọgọ́ta ọdún ni ìkéde fi dáàbò bò ó, ọjọ́ kan ni katakata fi parí rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé pátákó tó ní déètì lára ti gba Àgbádárìgì là, kí ó lọ wo òfìfo ilẹ̀ náà.

Ewu kan tún wà tó ń wọ agbádá. Ní 2009, ìròyìn kàn káàkiri ayé nípa ètò ìdókòwò ńlá kan tí Marlon Jackson, olórin Amẹ́ríkà, wà nínú rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì ńlá àti pápá gọ́ọ̀fù sí Àgbádárìgì, pẹ̀lú ilé ìrántí òwò ẹrú àti ti ẹgbẹ́ olórin àwọn Jackson nínú ọgbà kan náà. Àwọn kan bínú, àwọn kan sì ń retí iṣẹ́. Ohun tó jẹ mí lógún ni pé kì í ṣe àlejò nìkan ló lálàá yìí. Ìtàn tí a ti bu iyọ̀ sí láti ilé ló ṣí ilẹ̀kùn fún un. Bí a bá ti sọ ibi ìbànújẹ́ di ibi ìran, kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu bí ẹnìkan bá fẹ́ kọ́ ilé ìran sí i.

Mo gbọ́ ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú náà lè fi dá mi lóhùn, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n lè ní, "Ìwọ ń sọ̀rọ̀ déètì, àwa ń sọ̀rọ̀ oúnjẹ." Láti 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì kí ó lè fẹ̀ sí i, ìyà tí ọ̀nà náà sì fi jẹ àwọn arìnrìn-àjò fún ọ̀pọ̀ ọdún kò kéré. Àlejò tó bá farada irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí ìtàn dùn. Bí afinimọ̀nà bá ń sọ pé "àwọn kan ní, àwọn mìíràn ní," àlejò yóò hanu, kò sì ní í mú ọ̀rẹ́ wá lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àwàdà, nítorí owó ìwọlé wà lára ohun tó ń tún òrùlé ṣe. Ṣùgbọ́n èmi kò rí ibi tí òtítọ́ ti korò ju irọ́ lọ nínú gbogbo ohun tí mo ti kà sílẹ̀ yìí. Ìlú àwọn asásálà tó di èbúté ẹrú, àlùfáà tí a ti tà rí, obì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, àwọn tí wọ́n ní kí wọ́n gbàgbé tí wọn kò gbàgbé: èwo nínú ìwọ̀nyí ni kò ní í mú ọ̀rẹ́ wá? Aṣọ tí kò ṣíwọ̀n ni à ń fi àwọ̀ tàn ní ọjà. Aṣọ òkè kò nílò rẹ̀.

Ohun kan kù tó dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, èdè ni. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú pátákó tí mo kà níbẹ̀. Èdè Ògù, tí àwọn onílé ń sọ, tí Vlekete òrìṣà wọn gbọ́, tí Zangbeto fi ń ké lóru nígbà tó bá ń ṣọ́ ìlú, kò rí àyè lára ògiri ara rẹ̀. Àwa Yorùbá kò sì gbọdọ̀ fi èyí rẹ́rìn-ín, nítorí ó rọrùn fún wa láti gba Àgbádárìgì mọ́ra gẹ́gẹ́ bí ìlú Crowther, kí a sì gbàgbé ẹni tó ni ín. Adúgbò tí ọmọ ibẹ̀ kò lè ka pátákó rẹ̀ ní èdè ìyá rẹ̀ ti di yàrá àlejò nínú ilé baba rẹ̀. Láti 2002 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sínú ilé ìjọba tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ní 1863, ọdún tí wọ́n gba ìlú náà mọ́ tiwọn. Irú ibẹ̀ ni mo rò pé ó yẹ kí àtúnṣe ti bẹ̀rẹ̀: kí a kọ ọ̀rọ̀ ní èdè Ògù ṣáájú, kí Yorùbá tẹ̀ lé e, kí Gẹ̀ẹ́sì jókòó ní ipò kẹta bí àlejò tó mọ̀wà hù.

Bí wọ́n bá ní kí n kọ ohun tí pátákó Vlekete yóò sọ, n kò ní í gbàyè púpọ̀. N óò kọ ọ́ pé àwọn tí ogun lé ló tẹ ìlú yìí dó. Pé láàárín wọn ni àwọn tó ta ènìyàn ti jáde. Pé Òyìnbó tó rà àti ọmọ ilẹ̀ yìí tó tà jọ jẹ nínú rẹ̀. Pé àwọn tí a tà ní orúkọ, wọ́n sì gbé orúkọ òrìṣà wọn dé òdìkejì òkun. N óò wá fi òwe àwọn baba wa sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, nítorí òun ló ru ẹrù náà jù. Ẹrú ní baba, ọ̀nà ló jìn. Iṣẹ́ tí àárín ìlú àtijọ́ yẹn lè ṣe fún wa, tí ilé ìwé kò lè ṣe, ni kí ó fi bí ọ̀nà náà ti jìn tó hàn wá, kí ó sì dárúkọ àwọn tó là á.